Lẹ́tà Tó Tẹ̀ Síwájú

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Àìkú kan láàárín àwọn ọdún 1980. Àwa mẹ́rin la wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Bọ̀dá Láídé ní Festac: òun fúnra rẹ̀, Àǹtí Rísí, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, tó ti dolóògbé báyìí, àti èmi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó kó wa jọ rèé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àpò ọ̀rá la ti ń ṣiṣẹ́, ní Amuwo-Odofin. Èmi ń kó ẹrù níta. Inú ni Àbẹ̀kẹ́ wà, wọ́n a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn obìnrin láti ìta títí iṣẹ́ yóò fi parí. Iná ti ṣẹ́ yọ níbẹ̀ rí. A fẹ́ kí gbogbo wọn dúró síta lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ń kó wọn ní Mile 2, lójú àwọn ọ̀gá, kì í sì í dúró títí yóò fi wọ ọgbà. Orí eré ni wọ́n máa ti ka ìkéde wa lára ògiri.

Láti mọ irú lẹ́tà tí ojú lè kà lórí eré, Bọ̀dá Láídé fi oríṣi lẹ́tà mẹ́ta tẹ ìwé mẹ́ta, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri òpópónà, kò jẹ́ kí n rí wọn. Ó ní kí n gun ẹ̀yìn alùpùpù òun.

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ kàwé kéré jù nínú wa, Bàbá Délé. Bí ẹ̀yin bá lè kà á, gbogbo Èkó ti kà á!"

A sáré kọjá. Lẹ́tà ìwé kìíní ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi ti inú Bíbélì. Íǹkì ti dí i, n kò rí nǹkan kan. Ti èkejì ki, ó dúró ṣánṣán; ìdajì ni mo kà. Ti ẹ̀kẹta ki, kò lẹ́sẹ̀ kankan, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sáré. A ò tíì dé ibẹ̀ tí mo fi pariwo:

"Àbẹ̀kẹ́ lọ̀gá ilé!"

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo àdúgbò ti gbọ́, Bàbá Délé! Ẹ ò lè kó o jẹ mọ́!"

Àǹtí Rísí fò sókè. "Òun náà nìyẹn! Ẹ fi tẹ gbogbo ìwé ẹ̀sùn wa tí a fẹ́ pín, látòkè délẹ̀."

Bọ̀dá Láídé tẹ ojú ewé kan wò. Ó dúdú bí ìgbà tí ìjàlọ bo ilẹ̀.

"Àǹtí mi," ni Àbẹ̀kẹ́ wí, "bí gbogbo èèyàn bá ń pariwo olè, ta ni yóò sọ ọ̀nà tó gbà?"

Rísí gbà. Lẹ́tà tó ki, tó tẹ̀ síwájú, gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: Ẹ DÚRÓ SÍTA! Lẹ́tà kékeré tó dúró jẹ́ẹ́ gba àlàyé, nínú ìwé tí a ó pín lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró sí kọ́nà tí a lẹ ìkéde náà sí. Bọ́ọ̀sì kìíní yọ. Mo rí i tí orí ń yọ lójú fèrèsé, tí wọ́n ń lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà bí èrò tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀: "Dírẹ́bà, ó wà o! Ó wà o!" Ó dúró! Èkejì dúró. Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ti ṣí ilẹ̀kùn, wọn kò sì tì í mọ́ wọn mọ́.

Ohun tí a jèrè nìyẹn. Rísí la pàdánù: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀gá lé e lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí a ti ń jó ìjó ayọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Rísí ò dákẹ́. Àwa la dákẹ́ lórí tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò padà sẹ́nu iṣẹ́ yẹn títí dòní.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n lé e, mo lọ kan ilẹ̀kùn Bọ̀dá Láídé. Mo ní kó fi lẹ́tà yẹn tẹ ọ̀rọ̀ méjì fún mi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kọ́nà kí bọ́ọ̀sì tó dé: RÍSÍ DÀ?