Ẹ̀rọ Sátẹ́láìtì Nínú Kọ́mú

Kí ọkọ mi tó gbà pé kí n lọ ṣe iṣẹ́ náà, odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi bá mi jà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ni: kí á máa lọ láti abà dé abà nínú igbó òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, kí á máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, káàdì fóònù ni mò ń tà ní Agbowó, n'Ìbàdàn. Ó wù mí kí èmi náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni mọ́ àyà.

"Níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?" ni ọkọ mi wí. "Tí ejò bá bù ọ́ ṣán ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò wá sọ fún mi?"

Ọ̀gá wa obìnrin ní ọ́fíìsì Ring Road ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan tó rí bí ọṣẹ ìwẹ̀ kékeré. Wọ́n ní sátẹ́láìtì tó wà lókè ló ń bá sọ̀rọ̀, pé tí n bá ti tẹ bọ́tìnnì kan, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò wọ fóònù ọkọ mi pé àlàáfíà ni mo wà. Ọkọ mi yí i síwá sẹ́yìn, ó wá dájọ́.

"Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni o. Ọjọ́ tí n kò bá rí i, mò ń bọ̀ wá gbé ọ, iṣẹ́ yẹn sì parí nìyẹn."

Mo ní mo gbọ́. Mo fi ọmọ wa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sílẹ̀ fún un. Títí tí mọ́tò wa fi kọjá Ṣàngó, ọmú mi ń kán tó, tó, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa.

Àṣìṣe mi rèé, n kò sì rò pé obìnrin Ìbàdàn kan wà tí kò ní ṣe é. Tí a bá ń lọ síbi tí a ò mọ̀, níbo la ń kó ohun iyebíye sí? Kọ́mú ni. Mo ti ẹ̀rọ náà bọ ẹ̀gbẹ́ ọmú òsì. Ní ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá onípáànù tí wọ́n fi wá wọ̀ sí, màá fà á yọ, màá tẹ̀ ẹ́, iná yóò ṣẹ́jú, màá sì tètè dá a padà síbi tó móoru. Mo ṣebí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo ń kọ orúkọ ọmọ kan lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí ọ̀kadà kan dé. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, eruku pupa bò ó bí ẹni tó fi osùn wẹ̀, ó sì fi ìró mi pọn ọmọ. Ọkọ mi ni! Ọ́fíìsì ló júwe abà náà fún un.

"Ẹ wá wo ìyá ọlọ́mọ onírùngbọ̀n o!" Àwọn obìnrin abà ti bú sẹ́rìn-ín.

Òun kò rẹ́rìn-ín. "O ò kú?"

"Kí ló máa pa mí? Ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́!"

"N kò rí nǹkan kan! Mo ti sunkún tán nínú mọ́tò. Ẹ̀rọ náà dà?"

Mo ti ọwọ́ bọ àyà. Ọ̀gá wa, tí àwọn náà bá wa wá sí abà, figbe ta: "Ìyàwó! Ṣé inú ọmú ni sátẹ́láìtì ń gbé ni? Ṣebí mo sọ fún ọ pé ìta gbangba ni o ti máa tẹ̀ ẹ́, kó lè rí ojú ọ̀run!"

Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Ọmọ mi ni mò ń rò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

"Kó ẹrù rẹ," ni ọkọ mi wí.

Mo gba ọmọ, mo sunkún díẹ̀, mo wá ní n kò lọ. Mo ní abà mẹ́rin ló kù, pé àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ní ìyá. Mo ní kó bú mi bó ṣe wù ú, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà.

Ó gba ẹ̀rọ náà, ó rìn lọ sí àárín pápá, ó nà án sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Bí ọkọ mi ṣe ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ nìyẹn pé àlàáfíà ni mo wà.

Ọ̀kadà ti lọ ní tirẹ̀, kò sì sí òmíràn títí di ọjọ́ ọjà wọn. Bó ṣe di ẹni tó ń pọnmọ tẹ̀lé wa nìyẹn. Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ orí gèlè mi, ó ní ọjọ́ tí n bá tú u ni iṣẹ́ parí. N kò tú u. Ní abà tó kẹ́yìn, ọmọ kan rí iná tó ń ṣẹ́jú lórí mi, ó bú sẹ́kún, ó sá wọ abẹ́ ìró ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀, tí mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.