Ohùn láti Ìlọrin

Ìyá onílé wa ní Mafolúkù jókòó tì mí ní yàrá ẹ̀rọ tẹlifóònù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ó fi gèlè gbàjá. Wọ́n ti sọ fún un ní gáréèjì Òṣòdì pé ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dojú dé lọ́nà Jẹ́bà. Ẹ̀gbọ́n ló ń wa ọkọ̀, àbúrò ni mọ́tò bọ́ì rẹ̀. Akẹgbẹ́ mi ní Ìlọrin bá mi wá wọn dé ọsibítù, ó rí ẹ̀gbọ́n, ó mú un wá sídìí ẹ̀rọ tiwọn níbẹ̀. Nígbà tí mo bi í nípa àbúrò, ó ní kí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ṣe bí ẹni tí kò rí wa.

Mo gbé fóònù fún Màmá. Ó gbọ́ díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

“Kì í ṣe ọmọ mi nìyẹn. Ẹ ti lọ wá ẹni tí á máa tàn mí jẹ.”

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn náà. Iná ti lọ láti àárọ̀. Bátìrì gbé ẹ̀rọ ró, kò lè gbé amúlétutù, ooru sì ti mú kí ẹ̀rọ wa ṣìnà. Owó epo ń ya wọ Èkó nígbà náà, wọ́n ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá, kò sẹ́ni tó rántí pé oòrùn wà níbí.

Ohùn èèyàn kì í dá rin ọ̀nà jíjìn. Ìlọrin á gbé e lé orí ìró kan tó ga ju ohun tí etí ń gbọ́ lọ, ẹ̀rọ tiwa á ṣe irú ìró kan náà láti fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀ bí obìnrin méjì tó ń gúnyán nínú odó kan. Bí ọ̀kan bá yára jù, ohùn á yí padà, kò ní jọ ti ẹni tó ni ín mọ́. Mo gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò lónìí, láti inú ẹ̀rọ tí kò tó hóró ìrẹsì, àwọn náà sì ní láti mú ìmọ́lẹ̀ méjì rìn pọ̀. Kí Ọlọ́run ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo ní kí akẹgbẹ́ mi fi ìró kan tó dúró sójú kan ránṣẹ́. Mo fi tiwa tì í, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ara wọn: wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Mo ń rọra yí bọ́tìnnì. Bí mo bá yí i kọjá, ohùn gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn ló máa bàjẹ́, ọ̀gá á sì lé wa jáde. Màmá ti dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wéètì fún mi.”

Wọ̀ọ̀. Ó ń falẹ̀. Wọ̀ọ̀. Ó dákẹ́. Mo fi agbọ́hùn sétí kí èmi náà lè máa gbọ́, mo tún gbé fóònù fún un.

“Màámi,” ni ohùn náà wí, bíi pé ó wà ní yàrá kejì.

Màmá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi dùn sí ara mi. Ọmọ náà ní àlàáfíà ni àwọn méjèèjì wà, pé àbúrò òun ń sùn ni. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá rẹ̀.

“Irọ́ lò ń pa,” ó rọra sọ ọ́. “Mo ń gbọ́ ẹ dáadáa báyìí. O ti sunkún títí. Ibo lẹ sin ọmọ mi sí?”

Ọ̀nà náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí ní Ìlọrin.