Ọ̀sán tí a fọ sàréè bàbá àgbà

Bí òórùn ọ̀dà bá ti kàn mí nímú ní Òkè-Ìlèwó tí mo wà báyìí, ọ̀sán ọjọ́ tí a tún ilé ìyá àgbà ṣe ni mo máa ń rántí. Wọ́n fẹ́ tà á, kí wọ́n lè wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Papalanto.

Bọ̀dá mi ń kun ògiri, èmi ń gbálẹ̀. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ń fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ sàréè bàbá àgbà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹní bò ó," ni ìyá mi wí. "Ẹni tó bá rí i lè má ra ilé mọ́."

"Ọkọ mi ò jalè. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?"

Nígbà tí oníbàárà dé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí sàréè, ó sì tẹríba.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá."

"Ẹ bu omi fún ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí.

Mo sáré bu omi wá; mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ wá wo ilé ṣáájú rẹ̀ gun orí sàréè náà láti yẹ àjà wò, ìyá àgbà sì sọ fún un pé ilé ò sí fún títà mọ́.

Oníbàárà ọjọ́ náà mu omi tán. Ìyá àgbà dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì mú un wọ yàrá kọ̀ọ̀kan.