Eyín Fámpáyà Tó Dára Jù

Mò ń fi sáńpépà dán etí eyín ìsàlẹ̀ kan tí mo ṣe fún ìyàwó sọ́jà nígbà tí bàbá kan wọlé. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí géètì báráàkì ní Ọ̀jọ́, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa ṣe eyín àtọwọ́dá. Àwọn dókítà eléyín méjì ló máa ń fi bátànì ẹnu aláìsàn ránṣẹ́ sí mi, èmi á sì ṣe eyín tó bá a mu. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe é, láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo sì fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi.

Bàbá náà kì í ṣe àlejò. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé àwọn àna mi, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pè mí ní ìyàwó wa. Èmi ni mo ṣe eyín òkè tó wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí kò ku ẹyọ kan lókè mọ́. Mo bi í bóyá ó ti kán ni. Ó jókòó, ó sinmi díẹ̀, ó ní rárá, kò kán. Ó ní òmíràn ni òun fẹ́, tí yóò dà bí èyí gan-an, àfi pé kí eyín méjì gùn níbẹ̀ bíi ti ajá.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Wọ́n ní kí n wá ṣe fámpáyà," ó wí.

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìbà Housing Estate ń ya eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fẹ́ kó rí bí eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́: pálọ̀ kan, àga gbọọrọ kan, ilẹ̀kùn kan tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Nínú eré tí wọ́n fẹ́ yà lọ́sẹ̀ yẹn, fámpáyà kan, ìyẹn òkú tó máa ń jí nínú pósí láti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wá gba yàrá nílé onílé kan ní Okokomaiko. Bàbá yìí ni wọ́n fún ní ipa fámpáyà. Ó ti ra eyín oníke ní Ọjà Àlàbá, ṣùgbọ́n kò dúró lórí eyín àtọwọ́dá. Nígbà tó sì bọ́ eyín àtọwọ́dá kúrò, eyín oníke kò rí nǹkan dì mú. Adarí eré náà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ eyín yìí kò bá yanjú títí di Sátidé, òun á fún ẹlòmíràn ní ipa náà.

"Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí ẹnikẹ́ni ti pè mí síbi eré gbẹ̀yìn," bàbá wí. "Tí èyí bá lọ, mi ò rò pé wọ́n á tún pè mí."

Kì í ṣe pé ó ń wá àánú. Bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Okokomaiko là ń gbé, inú pálọ̀ onílé wa sì ni gbogbo ọmọ inú ilé ti máa ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá yìí máa ń ṣe ọlọ́dẹ nínú eré kan nígbà náà, ọlọ́dẹ tó máa ń sùn lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n inú eré òyìnbó ni mo ti kọ́kọ́ rí fámpáyà. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí eré apanilẹ́rìn-ín ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tí fámpáyà kò ní í yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Aládùúgbò tuntun á kó dé, kò ní í jáde lọ́sàn-án, kò ní í fẹ́ gbọ́ òórùn aáyù, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fura, ọ̀kan nínú wọn á so ṣíbí méjì pọ̀ bí àgbélébùú, á máa nà án sí i. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á rí i pé iṣẹ́ alẹ́ ni ọkùnrin náà ń ṣe. Tàbí kó jẹ́ fámpáyà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n tí òòyì máa ń kọ́ ọ tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín á bú láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tí a kò rí. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kò fẹ́ ká máa wo òkú tó ń rìn, ṣùgbọ́n òun náà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ títí eré náà á fi parí.

Mo gba iṣẹ́ náà. Bátànì ẹnu bàbá ṣì wà lọ́dọ̀ mi, nítorí n kì í da bátànì nù. Mo fi ìda mọ eyín náà lọ́jọ́ kan, mo fi ike aláwọ̀ erìgì rọ́pò ìda lọ́jọ́ kejì. Eyín gígùn méjèèjì ni mo fọwọ́ ara mi gbẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n fi mílímítà mẹ́jọ gùn ju àwọn yòókù lọ, mo sì fi àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ kun ìdí wọn, nítorí eyín gidi kì í funfun dé ìdí. Lọ́jọ́bọ̀, mo fi í sí bàbá lẹ́nu, mo ní kó ka oókan dé ẹẹ́wàá. Bí mo ṣe máa ń dán eyín wò nìyẹn. Ẹẹ́fà àti ẹẹ́sàn-án ni eyín tí kò bá jókòó dáadáa ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀: á mì, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa súfèé lábẹ́ rẹ̀. Èyí kò mì. Bàbá fi í jẹ ẹ̀pà, ó fi í jẹ gúgúrú. Nígbà tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó fa orí sẹ́yìn. Inú mi dùn. Kò sí eyín tí mo ṣe rí tó já bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé èyí ló dára jù nínú gbogbo wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n bá òun lọ sí Ìbà, bóyá eyín náà á fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. A ó ti parí kí òun tó lọ kí ìrun Jímọ̀. Fúlátì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Obìnrin tó ń ṣe ìyá onílé jẹ́ olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó ń mu gàrí, ó ń da ìbéèrè bo fámpáyà tó wá gba yàrá.

"Ẹ̀yin nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹrù yín dà?"

"Àpótí kan ṣoṣo ni. Ó gùn díẹ̀."

"Ṣé ẹ ò ní í máa fi áyọ́ọ̀nù jó iná mi?"

"N kì í lo nǹkan kan. Mo máa ń sùn látàárọ̀ dalẹ́ ni."

"Irú ayálégbé tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyí," ìyá onílé wí.

Ibí yìí ló yẹ kí bàbá ti rẹ́rìn-ín kí eyín náà lè hàn. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ìyá onílé fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sókè. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan, ọmọ àwọn tó ni fúlátì náà, bú sẹ́kún, ó sì sá lọ bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, bákan náà ló rí.

Adarí eré pe èmi àti bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Ó yìn mí, ó ní òun kò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń bani, eré apanilẹ́rìn-ín sì ni òun ń ṣe. Ó ti bá ọ̀gbẹ́ni kan sọ̀rọ̀, ẹni tí eyín rẹ̀ pé, tí eyín oníke Àlàbá á dúró sí lẹ́nu dáadáa. Bí àwọn kò bá rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú eyín yìí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni náà ló máa ṣe é.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa padà. Bí a ṣe jáde kúrò ní estate, bàbá ní, "Ìyàwó wa, eyín yìí dára jù. Bá mi bà á jẹ́."

Mo ní ta ló ń ba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ó rán mi létí àwọn eré àtijọ́. Ó ní ṣé mo rí fámpáyà kan nínú wọn tí eyín rẹ̀ dúró? Ọwọ́ ni fámpáyà máa ń fi dì í mú bó ṣe ń halẹ̀. Bó bá tẹrí ba mọ́ ọrùn èèyàn, eyín á kù sọ́hùn-ún, onítọ̀hún á gbórí dìde láìní nǹkan lẹ́nu, á wá máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun mú un wá. Bàbá ní ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà: ẹni tó wá dẹ́rù bà wá, tí irinṣẹ́ rẹ̀ wá já a kulẹ̀. Òótọ́ ni. Mo rántí pé irú rẹ̀ ni mo rí nígbà kan, tí mo rẹ́rìn-ín débi tí onílé wa fi ní kí n bọ́ síta.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò gbà á. Ọ̀gá mi máa ń fọ́ eyín tí kò bá jókòó, á ní ká tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, èmi náà kò sì fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ síta rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá. Ó ní òun mọ̀. Kò bẹ̀ mí mọ́. Ó kàn ń wo ọ̀nà, ó ń sọ ọ̀rọ̀ fámpáyà náà jẹ́ẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀, látòkè dé ìsàlẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń kọ́ àkọ́sórí. Mo ní kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bíba eyín jẹ́ le ju ṣíṣe é lọ. Bí mo bá kàn gé e, á já bọ́ ní kété tí bàbá bá lanu, ìyẹn kò sì ní í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Wọ́n á kàn ní bàbá ti darúgbó ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró kó tó já. Mo fi ẹ̀rọ lọ ibi tó so mọ́ àjà ẹnu, mo ní kó kà. Ó já bọ́ ní ẹẹ́ta. Mo fi ike díẹ̀ kún un. Bàbá ka dé ogún, kò já. Mo wá ń fi sáńpépà họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lápá ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, bàbá bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó ka dé ẹẹ́jọ, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó ní ẹẹ́sàn-án, eyín náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. A dán an wò nígbà méjìlá. Ìgbà méjèèjìlá ló bọ́ ní ẹẹ́sàn-án, kò bọ́ ṣáájú, kò sì kọjá rẹ̀.

A wá jókòó ti ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nínú eré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ìró bíi ti ẹẹ́sàn-án, tó lè mi eyín náà kí àsìkò tó tó, ni mo ní kó pààrọ̀. Ó fi "dùbúlẹ̀" rọ́pò "sùn", ó fi "péré" rọ́pò "ṣoṣo". Aago mẹ́wàá ni fámpáyà máa ń jáde nílé tẹ́lẹ̀. A fi sí mẹ́sàn-án. Bàbá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, adarí eré pàápàá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gbẹ́ni tí eyín rẹ̀ pé ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú aṣọ dúdú, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Ó kí wa dáadáa. Adarí eré ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọlé, ó dúró gbọnrangandan, ẹ̀rù ń bani bíi ti àná. Ó sọ ti àpótí, ó sọ ti iná.

"Aago mélòó lẹ máa ń jáde nílé?" ìyá onílé bi í.

Bàbá rọra tẹ̀ síwájú, ó la ojú rẹ̀ sí i, ó tẹrí ba lé e lórí. "Aago mẹ́sàn-án," ó wí, eyín náà sì bọ́ sínú abọ́ gàrí.

Ìyá onílé wo inú abọ́. Ó fi ṣíbí gbé eyín náà, ó ro omi rẹ̀ nù, ó nà án sí bàbá. "Ẹ gbà," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gàrí, ẹ fẹnu tọrọ. Ẹ má rán eyín."

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adarí eré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìwé eré bo ojú. Bàbá dúpẹ́ láìní eyín, ó dá a padà sẹ́nu, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló wá pa wọ́n tán. Ọ̀gbẹ́ni ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń tú bọ́tìnnì aṣọ dúdú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rín ti ba ohùn jẹ́, wọ́n ní láti tún un yà. Ìdààmú bá adarí eré. Ó ní irú nǹkan báyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé á ṣẹlẹ̀, ní mẹ́sàn-án, kò sì ní í ṣáájú. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ó bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúró níwájú èèyàn tí mo ní èmi ni mo ṣe eyín tó ń já bọ́, ojú kò sì tì mí.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí, bàbá di irin àtẹ̀gùn mú, ó sì dúró.

"Ìyàwó wa," ó ní, "wọ́n ní fámpáyà yẹn ti di ayálégbé, pé kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bá mi ṣe òmíràn, kó burú ju èyí lọ."