Bàbá Àrìmíyàù, Onílẹ̀kùn Àgbọn

Ọjọ́ tí gbogbo ọjà Adjamé Roxy mọ Bàbá Àrìmíyàù, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló rù sórí. Kò fọwọ́ dì í mú, kò sì làágùn. Búrẹ́dì ló ń jẹ lọ ní tirẹ̀. Obìnrin kan figbe ta: "Voleur! Ó ti jí ilẹ̀kùn mọ́tò o!" Èrò yí i ká. Ọlọ́pàá dé.

"Tonton, mọ́tò tó ni ilẹ̀kùn yìí dà?"

Bàbá gbé búrẹ́dì mì. "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ délé ayé."

Òun ló ṣe é fúnra rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ní Yopougon. Ike àlòkù ló ń yọ́, á po fọ́nrán èèpo àgbọn mọ́ ọn, á sì tẹ̀ ẹ́ bí ilẹ̀kùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti lu irin ọkọ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún.

"Ohun tó bá fúyẹ́ kì í mu epo púpọ̀," ló máa ń wí. "Èyí tó sanra, ọ̀jẹun ni!"

Ràmílátù ìyàwó rẹ̀ wo ara tirẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ṣé èmi lẹ ń bá wí?" Bàbá kò rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ lọ́jọ́ náà.

Nadège, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ kan nítòsí, kìlọ̀ fún un pé ike rẹ̀ kò ní gba ooru ẹ́ńjìnnì. Àgídí! Bàbá ṣe ìdérí ẹ́ńjìnnì fún takisí Mahfuz, awakọ̀ àdúgbò rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Cocody, ìdérí ti rọ̀ bíi fìlà abetí-ajá.

"Kò yọ́," ni Bàbá wí. "Ó ń sinmi ni."

Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà Nadège ló ti jí. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ooru yẹn, tún un sọ." Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n sì gbájú mọ́.

Nígbà tó yá, gbaka kan, bọ́ọ̀sì akérò, ya bá takisí Mahfuz, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn àgbọn tí Bàbá ti ṣe sí i fọ́, Mahfuz kò fara pa. Ó kó àfọ́kù náà wá tẹkúntẹkún. Bàbá kọ́kọ́ yẹ Mahfuz wò tapá tẹsẹ̀, ó dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ló da àfọ́kù sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọ̀.

"Má sunkún ẹ̀. Lọ́la, á ti di ilẹ̀kùn míì. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwa èèyàn?"

Ẹ̀rín pa Mahfuz.

Lọ́jọ́ fídáù Bàbá, bí wọ́n ṣe ń sọ èyí nínú ìtàn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ tọ̀hún, ilé kún fún ẹ̀rín. Ràmílátù ló rẹ́rìn-ín jù. Ó wá fi ìborùn nu ojú.

"Ẹ rọra rẹ́rìn-ín," ló wí. "Bó bá gbọ́, á fẹ́ dìde wá ṣàlàyé."

Gbogbo ilé yíjú sí ẹnu ọ̀nà, àfi bíi pé wọ́n ń dúró dè é.