Ife Tí Wọ́n Ní Kí N Má Dé

Orúkọ kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó ti gbé Alabar, àdúgbò wa nílẹ̀ àjò níbí, láti kékeré mi, àti àwọn tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kú, mo mọ orúkọ wọn. N kò kàn ní kọ ọ́ síbí ni. Àmọ́ orúkọ ohun tó pa ọkọ mi, orí bébà ló wà. Dókítà ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjì. Mo ká a sínú ìwé Yásín mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, n kò lè pè é.

Irin ọkọ̀ ló ya ọkọ mi lọ́wọ́ ní Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, níbi tó ti ń ṣe fítà. Èmi ni mo fi àlòkù gèlè mi di ojú egbò náà. Àbúrò rẹ̀ ní kí n tú u, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. N kò tú u. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni mo ti ń bi ara mi: ṣé gèlè yẹn ni?

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, gbé ife méjì sójú fèrèsé fún iṣẹ́ bàólọ́jì. Omi ẹran kan náà ló bù sí méjèèjì. Ó dé ọ̀kan, ó ṣí ìkejì sílẹ̀, kó lè wo èyí tó máa kọ́kọ́ bà jẹ́.

“Nánà,” bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí nìyẹn, “ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ìdérí nìkan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí ohun méjì bá yàtọ̀, a ò ní mọ èwo ló fà á.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kí ìrun Mògàríbì tán, ọwọ́ mi ti gbé àwo bo ife tó ṣí sílẹ̀ náà, mo ti ṣe bísímílà. Nílé wa, ohun èlò kì í ṣí sílẹ̀ mọ́jú. Ní àsùbáà mo ṣí i padà kí ọmọ má bàa bínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin ó gbóòórùn méjèèjì, ó wojú mi.

“Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Nánà, ta ló ń dé e?”

“Bísímílà ló ń dé e.”

“Ṣé bísímílà náà ló gbàgbé àwo ìrẹsì wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?”

Ó ní òun á tún un ṣe. Bó ṣe ń fọ ife, mo mú bébà náà wá.

“Staphylococcus aureus,” ó kà á. Ó ní kòkòrò kékeré tí ojú lásán kò lè rí ni. Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ ìdílé, lẹ́tà ńlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni tirẹ̀ gan-an, lẹ́tà kékeré. Àwọn ará ìdílé náà máa ń ṣù bí èso àjàrà. Ìkejì túmọ̀ sí wúrà, nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Wúrà. “Níbo ló ń gbé?”

“Lára wa, Nánà. Nínú imú, lórí awọ. Tó bá rí egbò, á wọlé.”

“Ká ní mo tú gèlè yẹn ńkọ́?”

Ó dáwọ́ ife fífọ̀ dúró. “Ife méjì ni mo ní. Bàbá kan ṣoṣo la ní. A ò ní bàbá kejì tí irin ya bákan náà, tí ẹ ò di ọwọ́ rẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, àbí?”

“Kò sí, Nánà.”

Ó rẹ̀ mí. Mo ká bébà padà sínú Yásín. Kí Mògàríbì tó tó, ife tuntun ti wà lójú fèrèsé, ọ̀kan ní ìdérí, ọ̀kan kò ní. Mo kó gbogbo àwo ilé fún un pé kó lọ fi pamọ́ sí yàrá rẹ̀. Mo kírun. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé.