Oògùn tí Rédíò Kéde

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bímọ kankan. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ràgàjì tó wà nínú yàrá tútù nísàlẹ̀ ilé ìwádìí ni ọmọ rẹ̀, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ wò láàárọ̀ kó tó kí èèyàn.

Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Tí kòkòrò yìí bá ti wọ inú ẹ̀dọ̀, kì í dá nǹkan ṣe. Orí RNA, ohun tíńtínní tí ara máa ń ka iṣẹ́ láti orí rẹ̀ bí ìwé, ló máa ń kọ àṣẹ sí. Ẹ̀dọ̀ á wá máa ka àṣẹ náà, á máa bá a pọ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Ègé RNA kékeré tó máa lẹ̀ mọ́ àṣẹ yẹn, tí ara á fi gé e dànù, ni obìnrin yìí ń wá. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a to àwọn ègé náà, tó ń fi wọ́n wé àṣẹ ara èèyàn, kí wọ́n má baà lọ pa èyí tí ọkàn tàbí kíndìnrín nílò lẹ́nu mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yege. Wọn ò sì tíì kán ọ̀kankan sí ègé ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú sínú àwo ìwádìí, ká má tíì sọ ti eku, áḿbèlètasé ti èèyàn. Gbogbo èyí ló ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá mirí, ó ní ó yé òun.

Ó yé e lóòótọ́. Kò pẹ́ ló bọ́ sórí rédíò, ó ní, "Kọ̀ǹpútà wa ti rí oògùn mẹ́dọ̀wú."

Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń wá sẹ́nu géètì pé àwọn wá gba oògùn tàwọn. Obìnrin náà bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí. Ọ̀gá ní ariwo náà á lọ lẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ti ń lo oògùn mẹ́dọ̀wú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ẹyinjú rẹ̀ ti yí sí àwọ̀ ìyeyè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ lo oògùn yín kẹ́yìn?"

"Oògùn wo? Mo ti dà á nù. Mo gbọ́ ọ̀gá yín lórí rédíò. Mo ní ṣebí àbúrò mi ló ṣe tuntun, kí ni mo tún ń gbé ti àtijọ́ mì fún? O ò sọ nǹkan kan, mo rò pé o fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni."

Ó gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀gbọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì tán, àbúrò gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ tààrà. Kò kanlẹ̀kùn.

"Jókòó ná," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò jókòó, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí rédíò lónìí, kẹ́ ẹ sọ pé a ò tíì rí oògùn."

"Àwọn tó ń gbọ́ rédíò ò ráyè àlàyé gígùn. Ìrètí ni mo fún wọn. Ìrètí ha burú bí?"

"Ìrètí yín lẹ̀gbọ́n mi gbé mì dípò oògùn! Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí."

Ọ̀gá tún táì rẹ̀ ṣe. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́nikẹ́ni da oògùn nù."

Bó ṣe rọra sọ ọ́ ló tún dá kún ìbínú obìnrin náà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lọ sẹ́nu géètì, ó gun orí ògiri sìmẹ́ńtì kékeré tó yí òdòdó ká.

"Ẹ gbọ́ o! Kò sí oògùn níbí. Èmi gan-an ni mò ń wá a, mi ò sì tíì rí i. Ẹ padà sídìí èyí tí dókítà fún yín!"

"Irọ́ ni!" Ọkùnrin kan bú u. "Ẹ ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ fáwọn olówó!"

Ọ̀pọ̀ gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ obìnrin arúgbó kan yọ páálí oògùn jáde nínú báàgì, ó nà án sókè. "Ṣé kí n máa lo èyí lọ?"

"Ẹ máa lò ó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ọjọ́ kankan."

Akọ̀ròyìn kan wà láàárín wọn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà sáfẹ́fẹ́. Ọ̀gá jáde, ó ní wọ́n ṣi òun gbọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n kán àwọn ègé náà sí ẹ̀dọ̀ inú àwo, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan ló dín kòkòrò náà kù díẹ̀. Ẹnìkan níbẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ láago láti sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bínú, torí ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan báyìí, ó ń wá òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì lè jókòó pẹ́ nídìí máṣíìnì mọ́. Bó bá ti gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń ṣépè fún ọ̀gá àtijọ́, á rẹ́rìn-ín.

"Rọra o, kí ìbínú má ba ẹ̀dọ̀ tìẹ náà jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́," ni àbúrò máa ń dáhùn. "Ẹ lo oògùn yín. Mò ń wò yín."